Ilé Ọmọlangidi Tòkúnbọ̀: Rírà Rẹ̀ àti Kíkọ́ Rẹ̀ ní Ayétẹ̀

Ilé ọmọlangidi alátòpọ̀ ni ilé kékeré onípákó tí wọ́n ń tà láì tíì tò ó pọ̀. Inú páálí ló máa ń wà. Wọ́n á ti gé ògiri, àjà, àtẹ̀gùn, fèrèsé àti òrùlé rẹ̀ sára pátákó pẹlẹbẹ, wọ́n á sì fi ìwé ìtọ́ni sí i tó ń sọ èyí tí a ó kọ́kọ́ lẹ̀ àti èyí tí yóò tẹ̀ lé e. Ẹni tó rà á ni yóò yọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kúrò lára pátákó, tí yóò fi sáńpépà ha etí rẹ̀, tí yóò kùn ún lọ́dà, tí yóò sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ títí wọn ó fi di ilé. Bí ẹni àkọ́kọ́ tó rà á kò bá kọ́ ọ, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ tí kò parí, páálí náà á padà bọ́ sọ́jà. Owó rẹ̀ á wálẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó fẹ́ rà á ní láti yẹ̀ wò á pọ̀ sí i. Nǹkan mẹ́rin ni ìpinnu láti rà á tàbí láti fi í sílẹ̀ dúró lé: ìwọ̀n ilé náà, ipò tí ẹ̀yà rẹ̀ wà, ohun tí yóò gbà lówó àti lákòókò, àti ohun tí olùrà ń fẹ́ gan-an, yálà ilé tó ti parí ni tàbí iṣẹ́ kíkọ́ rẹ̀.

Ìwọ̀n ló ṣáájú. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ ni 1:12, níbi tí íńṣì kan nínú ilé kékeré ti dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ilé gidi. Yàrá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12 á di ẹsẹ̀ bàtà kan. Ilẹ̀kùn tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7 á di íńṣì 7. Ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ààbọ̀ á di ọmọlangidi oníńṣì 5 àti ààbọ̀. Ìwọ̀n 1:24 jẹ́ ìdajì èyí, 1:48 sì jẹ́ ìdá mẹ́rin rẹ̀. Ohun gbogbo tó bá máa wọ inú ilé kan gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n kan náà mu, láti orí àga dé orí ìkòkò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í. Barbie, ọmọlangidi tí àwọn ọmọ mọ̀ jù, ga ní íńṣì 11 àti ààbọ̀, ìwọ̀n tirẹ̀ sì jẹ́ 1:6. Bí wọ́n bá gbé e sínú ilé 1:12, orí rẹ̀ á kan àjà, kò sì ní lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ẹni tó bá ń ra ilé nítorí ọmọlangidi tí ọmọ rẹ̀ ti ní gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn ọmọlangidi náà kó tó náwó sórí ilé.

Kí a tó dé orí àwọn yòókù, ó yẹ kí a mọ̀ pé ilé ọmọlangidi kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣeré ọmọdé. Ọ̀kan nínú àwọn tí ìtàn kọ́kọ́ mẹ́nu bà ni èyí tí Albrecht Karùn-ún, aláṣẹ ilẹ̀ Bavaria ní Jámánì, ní kí wọ́n kọ́ fún òun ní nǹkan bí 1558, láti fi ọrọ̀ àti ẹwà ilé rẹ̀ hàn. Ní Amsterdam, Petronella Oortman bẹ̀rẹ̀ ilé kékeré tirẹ̀ ní 1686, ó sì ń bá a lọ títí di nǹkan bí 1710. Ilé náà ṣì wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Rijksmuseum títí di òní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 1921 àti 1924, ayàwòrán ilé Edwin Lutyens darí kíkọ́ ilé ọmọlangidi Ọbabìnrin Mary ní ìwọ̀n 1:12. Omi ń jáde nínú ẹ̀rọ rẹ̀, iná mànàmáná ń tàn nínú rẹ̀, àwọn ìwé kéékèèké tí àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà fi ọwọ́ ara wọn kọ sì wà nínú yàrá ìkàwé rẹ̀. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Wembley ní 1924, níbi ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ìlò ilé kékeré kò mọ sórí ẹwà àti eré. Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1940, Frances Glessner Lee kọ́ àwọn yàrá kéékèèké ní ìwọ̀n 1:12 láti fi kọ́ àwọn ọlọ́pàá bí a ti ń wo ibi tí ikú òjijì ti ṣẹlẹ̀. Ó rí i dájú pé gbogbo nǹkan inú yàrá wọ̀nyí dà bí ti gidi, nítorí ohun kékeré tí ojú bá fò dá lè jẹ́ ẹ̀rí tí ọ̀rọ̀ dúró lé. Ní 1972 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ nǹkan kéékèèké sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e sì ni páálí ilé alátòpọ̀ gbòde kan. Iye tó bá agbára ẹni tó ń gba owó oṣù mu ni wọ́n ń tà á. Ọ̀pọ̀ nínú páálí tí wọ́n rà ní ìgbà náà ni kò di ilé rí. Orí àjà ilé àti inú yàrá ìkẹ́rù ni wọ́n wà títí tí onílé fi dàgbà, tó kó lọ sí ilé tó kéré, tàbí tó kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń pín ẹrù. Èyí ló fà á tí èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí fi pọ̀ nínú páálí tòkúnbọ̀.

Àwọn Yorùbá náà ní ìtàn tiwọn nínú sísọ ohun ńlá di kékeré. Justus Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, ló dá iṣẹ́ ọnà ẹ̀gún gbígbẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Ẹ̀gún ara igi ló ń gbẹ́ di ènìyàn kéékèèké tó ń gúnyán, tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, tó ń jókòó níbi ìdájọ́. Thomas Ọ̀nà Odùlátẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gbẹ́ ọba, agbẹjọ́rò àti òyìnbó aláṣẹ ní kékeré, àwọn iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun. Ní Ìbàràpá, agbègbè tí Ayétẹ̀ wà, níbi tí ìbejì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé fi mọ Igbó-Ọrà sí ìlú ìbejì, ère ìbejì ni ère kékeré tí àwọn àgbà mọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ga tó íńṣì 8 sí 12. Ère náà kì í ṣe ohun ìṣeré: ọmọ tó kú ló dúró fún, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi osùn pa á lára, wọ́n sì ń fi oúnjẹ tọ́ ọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e sínú ilé ọmọlangidi. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun kékeré tí a gbẹ́ dáadáa lè gba ìtọ́jú, ọ̀wọ̀ àti ìfẹ́ àgbàlagbà. Àgbàlagbà tó bá jókòó ti ilé kékeré láti kọ́ ọ ní Ayétẹ̀ kò ṣe ohun tí kò bá ìran rẹ̀ mu.

Ayétẹ̀ ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá, lójú ọ̀nà tó gba Igbó-Ọrà àti Ìdèrè kọjá lọ sí Tápà àti Ìgàngàn. Ọjà ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ti ń wá páálí ilé ọmọlangidi. Ọ̀nà tó rọrùn jù fún un láti dé ibẹ̀ ni ọwọ́ ẹbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà. Ẹni náà lè rí i ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù tí àwọn ènìyàn fi tọrẹ, tàbí kí ó rí i lórí eBay àti Facebook. Á wá fi í sínú ẹrù tó ń bá ọkọ̀ ojú omi bọ̀ ní Èkó. Nítorí náà, iye tí ẹni tó tà á dá lé e kọ́ ni iye tí yóò fi dé Ayétẹ̀. Owó kágò, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti owó ọkọ̀ láti Èkó wà níbẹ̀. Bí páálí bá wúwo, owó tí wọ́n fi gbé e lè ju owó tí wọ́n fi rà á lọ. Ìṣirò yìí ló yẹ kí ó kọ́kọ́ wáyé, kí ìfẹ́ ohun tí ojú rí nínú àwòrán tó gba ọkàn ẹni.

Irú pátákó tí wọ́n fi ṣe é ló ń sọ bí yóò ti wúwo tó àti irú iṣẹ́ tí yóò gbà. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni púláíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí kò nípọn ju ìdá mẹ́jọ íńṣì lọ, tí wọ́n fi irin olójú mímú tẹ ẹ̀yà ilé sí lára. Irú èyí ni ilé iṣẹ́ Greenleaf àti Dura-Craft ní Amẹ́ríkà fi gbajúmọ̀. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yà rẹ̀ máa ń pọ̀ gan-an, etí rẹ̀ sì máa ń fàya bí irin tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ bá ti kú. Ìkejì ni MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù ṣe, tó nípọn tó nǹkan bí mìlímítà 9. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ kò pọ̀, ògiri rẹ̀ máa ń dúró ṣánṣán, ó sì rọrùn láti tò, ṣùgbọ́n ó wúwo, eruku rẹ̀ kò sì dára fún èémí. Ẹni tó bá ń fi ayùn gé e tàbí tó ń ha á gbọ́dọ̀ bo imú rẹ̀. Ìkẹta ni èyí tí wọ́n fi iná lésà gé. Etí rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní, kìkì pé ó máa ń dúdú díẹ̀ níbi tí iná ti jó o. Fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ yóò wọ ọkọ̀ ojú omi, tí yóò sì tún wọ ọkọ̀ ilẹ̀, púláíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló dín owó ìrìnnà kù jù.

Lẹ́yìn irú pátákó ni ọ̀rọ̀ bóyá gbogbo ẹ̀yà pé. Ìwé ìtọ́ni sábà máa ń sọ iye pátákó tó yẹ kí ó wà nínú páálí, nọ́ńbà sì máa ń wà lára pátákó kọ̀ọ̀kan. Kí olùrà ní kí ẹni tó ń tà á tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ó ya fọ́tò wọn, kí ó sì kà wọ́n lójú ìwé. Bí ògiri kan bá sọnù, káfíńtà lè gé òmíràn bí ìwọ̀n rẹ̀ bá wà nínú ìwé. Bí fèrèsé tàbí ọ̀pá àtẹ̀gùn bá sọnù, ọwọ́ tó mọ́ iṣẹ́ lè rọ́pò rẹ̀. Ohun tó ṣòro jù láti rọ́pò ni ìwé ìtọ́ni fúnra rẹ̀. Ilé tí ẹ̀yà rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jọra, kò ṣeé fi ojú lásán tò. Àwọn olólùfẹ́ iṣẹ́ yìí máa ń tọ́jú ìwé ìtọ́ni àtijọ́, wọ́n sì máa ń pín in fún ara wọn, pàápàá ìwé àwọn ilé iṣẹ́ tó ti kógbá wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ra páálí tí kò ní ìwé gbọ́dọ̀ rí ìwé náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó sanwó. Ìrètí pé yóò rí i nígbà tó bá yá kò tó ohun tí à ń náwó lé lórí.

Ipò tí pákó wà ni olùrà yóò tún yẹ̀ wò. Pákó tó ti pẹ́ nínú ọ̀rinrin máa ń ká. Bí ó bá ká díẹ̀, ó ṣeé tún ṣe: wọ́n á fi omi díẹ̀ pa ojú tó kò sínú, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, wọ́n á sì gbé búlọ́ọ̀kù lé e títí yóò fi gbẹ. Bí ìpele púláíwúùdù bá ti ń ṣí kúrò lára ara wọn, kí olùrà fi sílẹ̀. Ihò wíńníwínní lára pákó àti lẹ́búlẹ́bú tó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ àmì kòkòrò tó ń jẹ igi. Irú rẹ̀ kò yẹ kí ó wọ inú ilé rárá, nítorí kòkòrò náà lè ti ibẹ̀ wọ inú àga àti àjà. Kí olùrà béèrè ibi tí wọ́n tọ́jú páálí náà sí. Èyí tó wà nínú yàrá gbígbẹ fún 30 ọdún lè sàn ju èyí tó wà nínú gáréèjì tútù fún ọdún méjì lọ.

Èyí tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí gba àyẹ̀wò tirẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí ẹni àkọ́kọ́ lò ló ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù gbígbóná tí ń tẹnu ìbọn gọ́ọ̀mù jáde ló fi lẹ̀ ẹ́, ooru Ayétẹ̀ nínú oṣù Kejì àti Ìkẹta lè mú kí ó rọ̀ kí ògiri sì yẹ̀. A ó ní láti yọ gbogbo rẹ̀, kí a ha á mọ́, kí a sì tún un lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ni, ó ti di ara pákó, kò sì ní yẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá lẹ̀ ẹ́ sí ibi tí kò yẹ, àtúnṣe rẹ̀ lè fọ́ pákó. Ilé tí wọ́n ti kùn láti ọjọ́ pípẹ́ tún ní ewu mìíràn: òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Páálí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn ló dára jù fún ẹni tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí.

Owó tó ń lọ lẹ́yìn ríra ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fojú sí. Ọ̀dà, gọ́ọ̀mù, sáńpépà, bíléèdì, bébà ògiri, aṣọ ilẹ̀ àti ohun èlò inú yàrá ni yóò sọ pákó di ilé, bí a bá sì ra gbogbo wọn láti òkè òkun, wọ́n lè ju iye ilé fúnra rẹ̀ lọ. Ní Ayétẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà nítòsí. Ọ̀dà olómi àti gọ́ọ̀mù funfun wà lọ́jà, èékù aṣọ wà lọ́dọ̀ télọ̀, èékù pákó sì wà lọ́dọ̀ káfíńtà. Ẹni tó bá fi èékù àǹkárá ṣe aṣọ fèrèsé, tó sì fi èékù pákó ṣe bẹ́ẹ̀dì, ń dín owó kù, ilé rẹ̀ sì ń jọ ilé tí àwọn ará ilé rẹ̀ mọ̀. Àkókò náà jẹ́ gbèsè tí a gbọ́dọ̀ san. Ilé oníyàrá mẹ́fà tí a fi púláíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe lè gba oṣù púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ṣe é. Àyè tún ń bẹ nínú ìṣirò yìí. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kó sì ga tó bẹ́ẹ̀. Nínú ilé tí ẹbí kan ń lo yàrá méjì, ibi tí yóò máa gbé nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ àti lẹ́yìn tó bá parí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi sílẹ̀ di ọ̀la.

Bí olùrà bá ti yẹ gbogbo èyí wò tó sì rà á, iṣẹ́ náà ní ìlànà. Kí páálí kọ́kọ́ wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ mélòó kan nínú yàrá tí yóò ti kọ́ ọ, kí pákó lè bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́ra. Kí ó ka ìwé ìtọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó tó yọ ẹ̀yà kankan. Bí ó bá ti ń yọ wọ́n, kí ó máa fi bírò kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn wọn, kí ó sì kó àwọn tó jẹ́ ti ibì kan náà sínú ọ̀rá kan. Lẹ́yìn náà ni yóò tò ó láì fi gọ́ọ̀mù sí i, tí yóò fi tépù onípépà dì í mú. Ìgbà yìí ló ń rí ibi tí ihò kò ti gba eyín pákó, ibi tí ògiri ti yẹ̀, àti ibi tí ọwọ́ kò ní lè dé mọ́ bí òrùlé bá ti délé. Nítorí ìdí tó kẹ́yìn yìí, inú yàrá tó há àti abẹ́ àtẹ̀gùn ni ó yẹ kí a kùn kí a tó lẹ ògiri pọ̀. Kí ó kun ojú méjèèjì pákó, nítorí pákó tí a kun ojú kan ṣoṣo rẹ̀ á ká bí ọ̀rinrin bá dé.

Àkókò inú ọdún náà kan iṣẹ́ yìí. Nígbà òjò, gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà kì í tètè gbẹ, pákó sì máa ń wú. Nígbà ọyẹ́, pákó máa ń sún kì, ojú ibi tí a lẹ̀ sì lè là. Ìgbà tí òjò ti ń lọ, tí ọyẹ́ kò tíì le, ló dára jù fún lílẹ̀. Kí ilé náà wà lórí tábìlì, kì í ṣe lórí ilẹ̀, nítorí ikán kò mọ̀ pé ohun ìṣeré ni. Fún iná, àwọn òyìnbó sábà máa ń lo wáyà fẹ́lẹ́ àti ẹ̀rọ tó ń sọ iná ilé di fóòtì 12. Níbi tí iná ìjọba kò ti dá ni lójú, gílóòbù LED kéékèèké tó ń lo bátìrì ló rọrùn jù. Èyíkéyìí tí ó bá lò, kí ó la wáyà kọjá kí ó tó lẹ bébà ògiri. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òfin iṣẹ́ yìí gan-an nìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n pa tì ló jẹ́ pé ìkánjú ló kọ́kọ́ bà wọ́n jẹ́.

Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé àìrà ló dára jù. Bí ọmọ tí ilé náà wà fún kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, àwọn ẹ̀yà kéékèèké lè há a lọ́fun. Bí ọmọ bá ti dàgbà díẹ̀ tó sì ń fẹ́ ilé tí yóò máa ṣí, tí yóò máa gbé kiri, tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò máa fi ṣeré lójoojúmọ́, púláíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ní lálòpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Káfíńtà tó mọṣẹ́ lè fi èékù pákó kan àpótí oníyàrá mẹ́rin tí kò ní òṣùwọ̀n líle, tí ọmọ yóò lè gun tí kò sì ní fọ́. Páálí bàtà mẹ́rin tí a lẹ̀ pọ̀ tún lè di ilé tó dùn mọ́ ọmọ nínú láì náwó kankan. Bí ó bá jẹ́ ilé tó ti parí ni àgbàlagbà ń fẹ́, kí ó fi sí yàrá àlejò, ìyẹn náà kò gbà kí ó ra páálí. Kíkọ́ ilé náà ni ohun tí páálí ní láti tà, nítorí náà ẹni tí inú rẹ̀ kò ní dùn sí kíkọ́ ọ kò ní rí èrè lórí rẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó kan Ayétẹ̀ ni irú ilé tó wà nínú páálí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ilé àwọn òyìnbó ayé àtijọ́, tó ní òrùlé onígun púpọ̀, ibi ìdáná tí wọ́n ń yá lásìkò òtútù, àti ọ̀ṣọ́ pákó lára ìloro. Kò sí ohun tó burú nínú kíkọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ á mọ bí a ti ń ka àwòrán ilé, bí a ti ń gé igun, àti bí a ti ń fi òṣùwọ̀n kan kọ́ gbogbo nǹkan. Ìmọ̀ yìí ṣe iyebíye ju ilé fúnra rẹ̀ lọ, nítorí ó ṣeé lò fún ilé tí kò sí nínú páálí kankan. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: agbo ilé tó wà ní Ìbàràpá, bíi ti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ yòókù, ní yàrá tó yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ẹbí ń jókòó sí, ògiri amọ̀ tó nípọn, àti òrùlé koríko tó wá di ti páànù. Bí àwọn ọmọ ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé tuntun, àwọn ilé amọ̀ wọ̀nyí ń wó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń lọ láì ní àwòrán kankan.

Ilé irú èyí ṣeé kọ́ ní kékeré bí òṣùwọ̀n bá tọ̀nà. Agbo ilé tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60 á gba ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ní ìwọ̀n 1:12, èyí tí tábìlì ilé kì í lè gbà. Ní 1:24, á di ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ààbọ̀. Ní 1:48, íńṣì 15 péré. Ògiri amọ̀ tó nípọn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ á nípọn ní ìdá mẹ́ta lórí mẹ́rin íńṣì ní 1:24, nítorí náà pátákó méjì tí a fi àlàfo sáàárín wọn ló máa jọ ọ́, kì í ṣe púláíwúùdù kan ṣoṣo. Ilé òyìnbó máa ń ṣí lẹ́yìn tàbí níwájú kí a lè rí yàrá. Agbo ilé kò nílò ìyẹn: bí òrùlé bá ṣeé gbé kúrò, ẹni tó bá wò ó láti òkè á rí àgbàlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti gbogbo yàrá lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ pupa tí a fi asẹ́ jọ̀ tí a sì pò mọ́ gọ́ọ̀mù funfun á kun ògiri rẹ̀. Páálí tí a ṣí ojú rẹ̀ kan, tí àwọn ìlà inú rẹ̀ hàn síta, á di páànù bí a bá kùn ún ní àwọ̀ ìpata. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ mú tépù lọ sí agbo ilé baba rẹ̀, kí ó wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ àti ohun tó wà níbẹ̀ rí. Ìtàn tó máa rí kó jọ nínú ìbéèrè yẹn kò sí nínú páálí tí wọ́n ń tà.

Ìpinnu náà, nígbà náà, ní ọ̀nà mẹ́ta. Kí ẹni tó ń wá ohun ìṣeré fún ọmọ kékeré lọ bá káfíńtà. Kí ẹni tó ń fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà ra páálí púláíwúùdù kan tó kéré, tó pé, tó gbẹ, tí ìwé ìtọ́ni rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí owó ìrìnnà rẹ̀ kò sì ju agbára rẹ̀ lọ. Kí ó sì kọ́ ọ parí kó tó ra òmíràn. Ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́ náà kò nílò páálí mọ́. Rúlà, ayùn, gọ́ọ̀mù àti ìwọ̀n kan tí kò ní yí padà tó o. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó kẹ́yìn ló ṣe ìlú láǹfààní jù lọ, nítorí òun ló lè mú kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí mọ bí agbo ilé Ayétẹ̀ ti rí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní dé ibẹ̀ láì kọ́kọ́ kọ́ ilé kan tí ẹlòmíràn ti gé, èyí sì ni ìdí tó fi yẹ kí a ra páálí tòkúnbọ̀ tó dára bí a bá rí i.